Ọmọ Aláìlórúkọ Inú Ìwé Kántì

Irin ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa láàárọ̀. Kí Mọ́mì tó jí, kí Dádì tó ti ibi iṣẹ́ dé, rédíétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀: kó, kó, kó, á sinmi díẹ̀, kó. Omi gbígbóná ló ń gba inú irin yẹn kọjá kí ilé lè móoru. Mo mọ̀ báyìí, mo ti dàgbà, wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, àjà kọkànlá la ń gbé nínú ilé gogoro kan ní Toronto, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàlàyé nǹkan fún mi àfi Màmá Ìwó, ìyá tó bí Dádì. Àwọn àgbà yòókù tí mo mọ̀, wọ́n á ní bí o bá gbọ́ ohùn tí o ò rí ẹni tó ni ín, má dáhùn. Màmá Ìwó tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fa ìborùn wọn bo orí, wọ́n á ṣe bísímílà, wọ́n á wá dojú kọ irin náà: "Ẹ wọlé o. A ti jí." Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dá irin lóhùn. Wọ́n ní ẹni tó bá kanlẹ̀kùn tí a ò dá lóhùn kì í lọ, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ kékeré láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ò tíì jẹun!

Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n dàgbà sílé Nàìjíríà máa ń sọ̀rọ̀ agboolé, igi ọ̀dán àti kànga. Agboolé tèmi ni kọ̀rídọ̀ gígùn kan tí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn tò lọ́tùn-ún lósì. Òórùn ọbẹ̀ ni mo fi mọ ilé kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ará Sòmálíà tó kọjú sí wa máa ń dín àlùbọ́sà láti àárọ̀. Bàbá ará Jàmáíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífítì máa ń fi àgbọn se ìrẹsì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo wa lè mọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn tó ni ilé fún gbogbo wa ní lẹ́tà pé wọ́n fẹ́ tú inú ẹ̀ ká, kí wọ́n tún un ṣe, kí kálukú máa wá ibòmíràn gbà lọ. Àwọn kan kó lọ sí Springdale, àwọn kan kó lọ síbi tí n ò mọ̀. Òórùn kan á kàn dédé dáwọ́ dúró. Bí mo bá ti iléèwé dé, mo máa ń ka àwọn ilẹ̀kùn tí bàtà ṣì wà níwájú wọn, títí ọjọ́ tí Màmá Ìwó gbọ́ mi, tí wọ́n fọwọ́ bò mí lẹ́nu, wọ́n fi oríkì pè mí. "Àṣàkẹ́, a kì í ka èèyàn. Iṣu là ń kà, ewúrẹ́ là ń kà. Èèyàn tí a bá kà, ńṣe ló ń dín kù." Mo ní, "But I'm counting doors, Grandma." Wọ́n ní ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé Màmá Ìwó wá sí Toronto. Mọ́mì lóyún, oyún méjì sì ti bàjẹ́ lára wọn lẹ́yìn tèmi. Dókítà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ títọ́jú arúgbó tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ni Màmá bá dé nínú yìnyín, pẹ̀lú àpò tí gbogbo inú ẹ̀ ń rùn fún irú àti ọṣẹ dúdú, wọ́n gba kíṣíìnì lọ́wọ́ gbogbo wa. Oúnjẹ tí wọ́n ń sè kì í ṣe tèèyàn mẹ́rin. Abọ́ karùn-ún máa ń wà tí wọ́n á dé pa, wọ́n ní ti àlejò ni. Lájà kọkànlá! Ta ló fẹ́ yà sọ́dọ̀ wa, ẹyẹ? Bó bá di ọjọ́ kejì, èmi ni mo máa ń gbé e lọ síléèwé, n ò sì ní purọ́, oúnjẹ àlejò yẹn máa ń dùn ju tèmi lọ. Bí wọ́n bá ń sè é, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ọkọ wọn, bàbá tí n ò rí rí. Oníṣòwò obì ni, Òkè Ọya ló máa ń ná, ó sì máa ń pẹ́ lọ́nà. "Ìlú tó bá ti jìnnà, ibẹ̀ gan-an ni ọkọ mi máa ń fẹ́ lọ," ni Màmá máa ń wí, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ wọ kíṣíìnì, mo bá a tí wọ́n ń bá Dádì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Bó bá ṣe ọkùnrin, kí n gbọ́ kí wọ́n pe orúkọ bàbá ẹ, Sànúsí, kí n tó kú. Nǹkan tí mo bá wá nìyẹn." Dádì ní, "Sànúsí ni, Màmá. Ó ti parí." Bí wọ́n ṣe yíjú rí mi nìyẹn. Màmá di etí mi mú, kò tilẹ̀ dùn mí, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn síta. Ọjọ́ kẹjọ ni orúkọ ọmọ ń jáde. Kó tó dìgbà náà, inú àwọn òbí ẹ̀ ló ń gbé. Èmi náà wá ní orúkọ kan tí mò ń gbé kiri lẹ́nu bíi súìtì tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ lá.

Iṣẹ́ tí Mọ́mì rí ṣe nílé ni ìwé títẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà tó máa ń bá àwọn èèyàn wá orírun wọn, àwọn ló ń fi àwòrán ìwé àtijọ́ ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wa. Ìwé ìkànìyàn ti kántì kan nígbèríko Amẹ́ríkà ni wọ́n kó fún Mọ́mì. Kántì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa. N ò ní dárúkọ ẹ̀, ẹ ó rí ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ọkùnrin kan á gun ẹṣin láti oko dé oko, á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá lójúlé, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Gègé ló fi kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ wínníwínní. Mọ́mì ò lè tẹ̀ síwájú láti wo ojú kọ̀ǹpútà nítorí ikùn, ni wọ́n bá fà mí sí i. Bí mo bá ti iléèwé dé, n ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì, n ó máa kà á sókè. Mọ́mì á nà sórí àga pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù lórí itan, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́. Màmá Ìwó á máa ṣa ẹ̀wà lórí ẹní.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí irin. Mo pe Silas, irin ní kó. Mo pe Martha, ìyàwó ẹ̀, irin ní kó. Mo dúró, irin náà dúró. Mo pe ọmọ wọn àgbà, kó. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ó tún ń dùn mọ́ mi, bí nǹkan ṣe máa ń rí lára ọmọdé. Màmá Ìwó náà ti dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "Ìyàwó mi, àwọn tí ẹ̀ ń pè yìí, ṣé wọ́n wà láyé?" Mọ́mì ní, "Ah, Màmá, ó ti pẹ́ gan-an. Wọ́n ti kú tipẹ́." "Gbogbo wọn?" "Gbogbo wọn, Màmá." Ni Màmá bá dìde lórí ẹní. "Súbúhánálàhì! Ìwọ aboyún, o jókòó, ò ń pe òkú lọ́kọ̀ọ̀kan, o wá tún ń kà wọ́n?" Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iṣẹ́ ni, pé orí kọ̀ǹpútà lásán ni. Màmá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pe orúkọ kan, tí irin dáhùn, Màmá á ní "Ọlọ́run kẹ́ ẹ." Orúkọ, irin, àdúrà. Orúkọ, irin, àdúrà. Iṣẹ́ wákàtí kan di ti wákàtí méjì. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dúró dìgbà tí ojú ewé bá parí, kí wọ́n ṣe é lápapọ̀. Wọ́n ní ṣé àpapọ̀ ni wọ́n kú ni? 

Àwọn ojú ewé náà kì í wá létòlétò. Èyí tó wá lónìí lè jẹ́ ti ìwé àkọ́kọ́, tọ̀la á jẹ́ ti ogún ọdún lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá tó ti kú lọ́jọ́ Mọ́ńdè á tún wà láàyè lọ́jọ́ Túsìdeè, á jẹ́ géńdé, ìyàwó ẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ìtàn kántì náà, wúrúwúrú. Ìgbà kan wà tí ilé kún, tí ọmọ mẹ́jọ mẹ́sàn-án ń sùn lábẹ́ òrùlé kan, tí reluwé ń kọjá, tí ọkùnrin ìkànìyàn ń kọ̀wé gàgàrà gàgàrà bí ẹni tí inú ẹ̀ dùn. Ìgbà kan wà tí àìsàn jà, tí ilé tó ní ọmọ márùn-ún kù sí ẹyọ kan. Ìgbà kan sì wà tí reluwé gba ibòmíràn lọ, tí àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀lé e, tí ọkùnrin yẹn kàn ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kan sí òmíràn pé òfìfo ni, kò séèyàn. Ọkùnrin kan náà ni, Mọ́mì fi bó ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ hàn mí: ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n nínú èyí tó kẹ́yìn. Mo bi Mọ́mì léèrè ta ló ka òun náà. Màmá Ìwó ní, "Àbà bàbá mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ajá ló kù." Wọn ò bẹ̀rù kántì náà mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àánú ẹ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ̀rù tiwọn ló wá bọ́ sára mi. Mo máa ń jáde sí kọ̀rídọ̀ wa, n ó wo ilẹ̀kùn tí ò ní bàtà níwájú mọ́, n ó máa ronú pé ẹnì kan ń bọ̀ wá kọ òfìfo sí i.

Nínú ìwé tó kẹ́yìn, mo ti bá tọkọtaya kan pàdé, Amos àti Hester. Àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì, kò sí ọmọ lábẹ́ orúkọ wọn, oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́tùn-ún lósì ti di òfìfo. Màmá Ìwó kẹ́dùn wọn gan-an lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ta ló ń bá wọn pọnmi. Bí oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́sàn-án Fúráìdeè kan, ojú ewé ìwé àkọ́kọ́ kan dé, àwọn náà ni mo tún rí: Amos, ọ̀dọ́kùnrin, Hester, ọmọbìnrin kékeré nílé ọkọ. Lábẹ́ wọn ni ìlà kẹta: ọmọ jòjòló, ọkùnrin, oṣù kan. Níbi orúkọ, ọkùnrin ìkànìyàn kọ ọ́ pé kò tíì lórúkọ. Mọ́mì ti dìde nígbà náà, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. "Ràṣídà, má fọwọ́ kan nǹkan kan o." "Okay, Mummy." Ìlà kan péré ló kù kí ojú ewé yẹn parí. Mo ní jẹ́ kí n bá wọn parí ẹ̀ kí inú wọn lè dùn. Mo kà á sókè bí mo ṣe máa ń kà á. Irin ò dáhùn. Mo tún un kà. Irin pa rọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́kàn mi, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi parọ́ fún ara mi pé eré ni mò ń ṣe. Kì í ṣe eré. Mo mọ̀ pé ọmọ yẹn ò ní sí nínú ìwé tó kẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n kí ìyá ẹ̀ tó mọ̀. Màmá Ìwó sì ti sọ ọ́ létí mi pé ọmọ tí ò bá lórúkọ, kò sẹ́ni tó máa rí ohun tó máa fi pè é nínú àdúrà. Mo tẹ bọ́tìnì kí n fi àyè orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àyè náà pọ́n, kọ̀ǹpútà kọ̀. Kò sórúkọ ọmọ tuntun mìíràn lẹ́nu mi ju ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ pè. N ò kúkú pè é. Mo tẹ̀ ẹ́. S, a, n, u, s, i. Mo tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ojú ewé náà sì lọ. Àwa mọ̀ pé èyí tó bá ti lọ ò ṣeé pè padà. Irin ní kó, ẹ̀ẹ̀kan péré. Màmá Ìwó, tí wọn ò mọ nǹkan kan, dáhùn láti kíṣíìnì: "Ẹ wọlé o."

Mọ́mì kígbe láti yàrá. Áà, mo ṣì ń gbọ́ igbe yẹn. Oṣù méjì ṣì kù kó tó pé àkókò ìkúnlẹ̀ wọn. Ọkọ̀ ọsibítù dé, wọ́n gbé Mọ́mì gba kọ̀rídọ̀ wa kọjá, kò sì sí aládùúgbò kan tó yọjú nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó kù. Ọkùnrin ni wọ́n bí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, ó kéré débi tí Dádì fi ní òrùka òun lè wọ̀ ọ́ lápá. Dádì àti Mọ́mì dúró sọ́hùn-ún. Ó ku èmi àti Màmá Ìwó nílé pẹ̀lú irin. Kò kàn léraléra mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kẹfà, Dádì pè pé ọmọ náà máa ń gbàgbé láti mí, pé nọ́ọ̀sì ní láti fọwọ́ gbá a lẹ́sẹ̀ kó tó rántí. Màmá Ìwó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, wọ́n ṣì wà lórí ẹní, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Grandma, I gave away his name." Wọ́n ní, "Sọ ọ́ lédè tí mo gbọ́." Mo fi Yorùbá sọ ọ́, mo sọ gbogbo ẹ̀.

Mo rò pé wọ́n á nà mí. Mo fẹ́ kí wọ́n nà mí. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà ni wọ́n ń yí, wọn ò sì ka nǹkan kan sí i. "Ọmọ ta ni?" Mo ní ti Amos àti Hester, àwọn tí kò sẹ́ni tó ń bá wọn pọnmi. "Wọn ò tún bí òmíràn?" Mo ní nínú ìwé tó kẹ́yìn, àwọn méjèèjì nìkan ni. Ni omi bọ́ lójú Màmá Ìwó. N ò rí irú ẹ̀ rí, ẹ̀rù ẹ̀ bà mí ju ti irin lọ. Orúkọ ọkọ wọn ni. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wọ bàálù láyé wọn nìyẹn, èmi sì ti gbé e fún àjèjì. Wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa jẹ́ ẹ. Ohun tí a bá fún òkú, a kì í gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tiwa á jẹ́ nǹkan mìíràn." Mo ní kí ni Dádì máa wí? Wọ́n ní, "Dádì ẹ, ọmọ mi ni. Ìwọ ṣáà dákẹ́. Èmi ni n ó sọ ọ́." Wọ́n dìde, wọ́n ṣí abọ́ àlejò, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, wọ́n pe ọmọ Amos lórúkọ tí mo fún un, wọ́n ṣàdúrà fún un. Irin ò kàn mọ́ ní ìyókù ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Alfa mọ́sálááṣí wa wá bá wa nínú yàrá kékeré kan ní ọsibítù. Mọ́mì wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, èmi wà lẹ́yìn wọn. Dádì ti wọ agbádá lórí kóòtù wíntà, ojú wọn ń dán. Alfa ní kí ni orúkọ ọmọ? Dádì la ẹnu. Màmá Ìwó ní, "Kò ní jẹ́ Sànúsí."  Dádì ní, "Màmá, kí lẹ wí?" "Mo ní kò ní jẹ́ ẹ. Báṣírù ni kẹ́ ẹ pè é." "Màmá, orúkọ bàbá mi ni!" "Ọkọ mi ni kó tó di bàbá ẹ," ni Màmá dá a lóhùn, "n ò sì fún ẹ." Dádì wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹnu mi ò ṣí. Wọ́n máa ń ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ méjì ni Màmá gbé ró lọ́jọ́ yẹn, tèmi àti ti Báṣírù, ọrùn tiwọn ló sì fi rọ́.

Báṣírù yè. Ó mí, ó dàgbà, ó jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n Dádì ò dárí ji ìyá wọn. Wọ́n á kí wọn, "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó tán nìyẹn. Kò sí àpárá mọ́, kò sí wúyẹ́wúyẹ́ kíṣíìnì. Nígbà tí Màmá padà sí Ìwó lásìkò oòrùn, ilé wa àti ti bàbá ará Jàmáíkà nìkan ló kù ní kọ̀rídọ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ó ti tán o. Má gbé e kiri." Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n kú. Láàárín ọdún méjì náà, ìgbà Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀ nìkan ni Dádì máa ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èmi máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, n ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn bí àjèjì, n ó sì máa dákẹ́. Wọ́n ní kí n má gbé e kiri. Mo gbé e. Mo gbé e láti Toronto dé Richmond Hill tí mò ń gbé báyìí, mo gbé e wọlé ọkọ, mo gbé e nígbà tí mò ń bímọ tèmi.

Mo máa ń wá ojú ewé yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ Amos àti Hester. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí èèyàn lè fi ṣàtúnṣe, n ò tẹ̀ ẹ́ rí. Lọ́dún yìí, bí mo ṣe ṣí i, mo bá àwòrán kan níbẹ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá àgbà díẹ̀ tó kù ní kántì náà ló kọ̀wé sí i pé igi tí wọ́n rì mọ́ ibojì àwọn ọmọdé ti jẹrà tán, pé àwọn ń fi òkúta rọ́pò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní gbogbo èèyàn mọ̀ pé ọmọ Amos àti Hester wà níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀ àfi ìgbà tí àwọn rí i nínú ìwé ìkànìyàn. Òkúta kékeré ni, ó wà láàárín koríko tó lọ títí, kò sí ilé kan lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n gbé òdòdó síwájú ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ SANUSI sí i lára. Mo pariwo débi tí ọkọ mi fi sáré wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyàwó Báṣírù bímọ ọkùnrin ní Courtice. Dádì ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n kó aṣọ wọn jáde bí ọ̀dọ́mọkùnrin. "Lọ́tẹ̀ yìí," ni wọ́n ń wí kiri ilé Báṣírù, "kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró. Sànúsí ni." Ó ku ọ̀la kó pé ọjọ́ kẹjọ, lọ́sàn-án, Mọ́mì wà lókè tí wọ́n ń wẹ ọmọ, èmi, Dádì àti Báṣírù wà ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Dádì bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ìwó, mo fún wọn ní fóònù mi. Wọ́n fi ìka méjì fẹ àwòrán náà. "Ta ló kọ èyí?" Mo ní, "Èmi ni, Dádì. Ọjọ́ tí wọ́n bí Báṣírù ni. Màmá mọ̀. Èmi ni wọ́n ń bò lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn." Mo sọ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ àti bí Màmá ṣe bò mí. Báṣírù ń fọwọ́ ra àyà ara ẹ̀.

Dádì gbé fóònù náà lé itan wọn. "Ọdún méjì," ni wọ́n wí. "Ọdún méjì ni mo fi kí ìyá mi bí ẹni ń kí oníbodè." Wọ́n sunkún, bàbá mi, wọ́n sunkún gidi, n ò sì mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Nígbà tó yá, wọ́n tún wo òkúta náà, ẹ̀rín kékeré kan já bọ́ mọ́ ẹkún. "Ẹ wo bàbá yìí. Ìlú tó bá ti jìnnà." Mo ní, "Dádì, ṣé kí n ní kí wọ́n tún un kọ? Ó ṣì ṣeé tún kọ." Wọ́n mi orí. "Jẹ́ kó máa jẹ́ ẹ," ni wọ́n wí. N ò tíì sọ ọ̀rọ̀ Màmá Ìwó yẹn fún wọn. N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún Sànúsí ọmọ Amos, wọ́n ṣe é fún ìyá wọn.

Ilé Báṣírù ò ní rédíétọ̀. Ihò ilẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé níbẹ̀, kì í pariwo. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì gbọ́ ọ: kó. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Báṣírù sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn, yìnyín tó bọ́ láàárọ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kankan ò tẹ̀ ẹ́. Dádì ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Wọ́n fa fìlà wọn wọlẹ̀, wọ́n ṣe bísímílà. "Ẹ wọlé, Màmá mi," ni wọ́n wí. "Ẹ má bínú. A ti jí."